Bí a ṣe ń yọ DNA láti inú ẹ̀jẹ̀: ìtọ́sọ́nà fún láàbù Àbújá àti Òkè Ọya

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe IT máa ń kọ́ ní láàbù wa ní Àbújá, yíyọ DNA, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá àjogúnbá, láti inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń tètè há sórí jù, òun náà ló sì máa ń tètè bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n á da omi kìíní sí i, wọ́n á da ìkejì, wọ́n á ka ìṣẹ́jú bí ìwé ṣe wí, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ kí ẹ̀rọ tó yí tán, wọn kì í mọ̀ bóyá kí wọ́n dúró ni tàbí kí wọ́n dà á nù. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlànà ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ ohun tí omi kọ̀ọ̀kan wá mú kúrò. Mímú nǹkan kúrò sì ni gbogbo iṣẹ́ yìí: a ó mú sẹ́ẹ̀lì pupa kúrò, a ó tú awọ sẹ́ẹ̀lì funfun ká, a ó lé purotéènì jáde, a ó fọ iyọ̀ dànù, ohun tó bá ṣẹ́kù ni DNA. Ẹni tó bá mọ ohun tó ti kúrò àti ohun tó ṣì wà nínú túùbù yóò mọ ibi tí ó ti lè sinmi àti ibi tí kò gbọdọ̀ ti sinmi.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni èyí tó ń fi iyọ̀ lé purotéènì, tí Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1988. Mo yàn án nítorí pé kò nílò phenol àti chloroform, tí èkíní ń jó awọ ara tí èéfín èkejì sì léwu nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti rí ọ̀nà jáde. Kíìtì alásẹ́ tí a ń rà yá ju èyí lọ, n kò sì bá ẹni tó ní owó rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n òkè òkun ló ti ń wá, bí dọ́là bá ti gbéra, òun náà á gbéra.

Ohun tí ẹ ń wá àti iye tó wà níbẹ̀

Sẹ́ẹ̀lì pupa ènìyàn tó ti gbó kò ní nucleus, ìyẹn àpò inú sẹ́ẹ̀lì tí DNA ń gbé, nítorí náà kò ní DNA tí a lè yọ nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun ni ẹ ń wá, wọn kò sì pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pupa. Nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa ń ní nǹkan bíi 4,000 sí 11,000 sẹ́ẹ̀lì funfun. DNA inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn nǹkan bíi píkógíráàmù 6.6, bí a bá sì lè nà án tán, gígùn rẹ̀ yóò tó mítà méjì. Bí mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan bá wá ní sẹ́ẹ̀lì funfun mílíọ̀nù 5, DNA tó wà níbẹ̀ jẹ́ máíkírógíráàmù 33, ti mìlílítà 5 yóò sì jẹ́ 165. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Friedrich Miescher, ẹni tó kọ́kọ́ yọ nǹkan yìí ní ìlú Tübingen ní Jámánì ní ọdún 1869, ọyún ara báńdéèjì ló fi ṣiṣẹ́, ìyẹn báńdéèjì tí wọ́n tú lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, nítorí sẹ́ẹ̀lì funfun ló kún inú ọyún. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ pupa mọ́ tónítóní inú túùbù bá ń rí lára, kí ó rántí èyí.

Gbígba ẹ̀jẹ̀ àti gbígbé e dé láàbù

Kí abẹ́rẹ́ tó kan ẹnikẹ́ni, ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ní èdè tí ó gbọ́, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé. Ìyá kan tó wá láti Kubwa bi mí nígbà kan pé, “Dókítà, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbà yìí, ibo lẹ ń gbé e lọ?” Mo ní, “Ìyá, inú ilé yìí náà ni yóò wà. Orúkọ yín kò tilẹ̀ ní sí lára rẹ̀, nọ́ńbà ni a ó kọ sí i.” Ìgbà yẹn ni wọ́n tó na apá. Kò yẹ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bí wa nínú, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí Yorùbá ń fi lé àjèjì lọ́wọ́ láìbèèrè.

Túùbù olómorí àwọ̀ àlùkò, èyí tó ní EDTA nínú, ni kí ẹ lò. EDTA ń di kálísíọ̀mù mú kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, ó sì tún ń di magnesium mú, èyí tí àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ DNA kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ẹ má lo olómorí àwọ̀ ewé, nítorí heparin inú rẹ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, máa ń tẹ̀lé DNA dé òpin, yóò sì dí PCR, ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA di púpọ̀, lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti gba ẹ̀jẹ̀ tán, ẹ dojú túùbù dé kí ẹ tún gbé e dìde ní ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, jẹ́jẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń ti Kaduna tàbí Lokoja bọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú kúlà, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fara kan yìnyín. Ẹ fi aṣọ ìnura tàbí páálí sí àárín wọn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì tó tún yọ́ lójú ọ̀nà ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀ mọ́ pupa, a kò sì ní lè yà wọ́n mọ́ lẹ́yìn náà. Nínú fíríìjì, ní ìwọ̀n ooru 4°C, èmi kì í jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ mẹ́ta kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ní ti firísà tí a ń kó ẹ́ńsáìmù sí, iná ìlú yìí kò ṣe é fọkàn tán. Ẹ bu omi sínú ife kan, ẹ jẹ́ kí ó dì gbagidi, ẹ wá gbé owó ẹyọ kan lé e lórí. Bí ẹ bá dé ní ọjọ́ Ajé tí ẹ bá owó náà ní ìsàlẹ̀ ife, a jẹ́ pé firísà ti yọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, kódà bí ohun gbogbo bá tún ti dì padà.

Àwọn omi tí ẹ ó pò

Omi tí a sè tí a gba èéfín rẹ̀ padà di omi, tàbí èyí tó gba inú ẹ̀rọ tó ń yọ mínírà kọjá, ni ẹ ó fi po ohun gbogbo. Píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá mọ́ fún ọ̀fun, kò mọ́ fún iṣẹ́ yìí, omi kànga ẹ̀rọ tí mínírà kún inú rẹ̀ sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún omi tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, ẹ wọn ammonium chloride gíráàmù 8.3, potassium bicarbonate gíráàmù 1 àti EDTA mìlígíráàmù 37 sínú lítà kan. Omi tó ń tú sẹ́ẹ̀lì funfun ní Tris (èyí tí kì í jẹ́ kí pH, ìwọ̀n kíkan omi, yí padà) mìlímólà 10, iyọ̀ mìlímólà 400 àti EDTA mìlímólà 2, pH rẹ̀ sì jẹ́ 8.2. Ẹ ó tún nílò SDS ìdá 10 nínú 100, èyí tí í ṣe ọṣẹ alágbára. Proteinase K, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ purotéènì. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ògidì àti èyí tí a là sí ìdá 70. Àti TE, ìyẹn Tris mìlímólà 10 pẹ̀lú EDTA mìlímólà 0.2, pH 7.5, tí DNA yóò máa gbé inú rẹ̀. Omi iyọ̀ tó kún dé góńgó ló rọrùn jù: ẹ da iyọ̀ láàbù bíi gíráàmù 36 sínú mìlílítà omi 100, ẹ rò ó títí, bí ìwọ̀nba bá kọ̀ láti yọ́ nísàlẹ̀, ó ti tó.

Ohun kan wà tí àwọn tó wà ní Jos àti Zaria mọ̀ ju àwa ará Àbújá lọ. Nígbà ọyẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí òtútù mú, SDS máa ń dì funfun nínú ìgò bí ẹni pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, yóò yọ́, ẹ sì rí i dájú pé ó yọ́ tán kí ẹ tó wọn ọ́n, nítorí ẹni tó bá fa omi òkè rẹ̀ nìkan, ọṣẹ tó fà kò ní tó.

Iṣẹ́ náà gan-an

Ìgbésẹ̀ kìíní ni fífọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ láàbù, kí ẹ wá da ẹ̀jẹ̀ mìlílítà 5 sínú túùbù ńlá, kí ẹ fi omi afọ́pupa mìlílítà 15 lé e. Ẹ yí i dé, ẹ yí i sókè, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ó rí i tí àwọ̀ rẹ̀ ń kúrò ní dídí tó ń di mímọ́, títí ẹ ó fi lè rí òdìkejì túùbù nínú rẹ̀ bí ìgbà tí a bá sẹ́ zóbò dáadáa. Ẹ gbé e sínú sẹ́ńtírífúùjì, kí túùbù tó dojú kọ ọ́ wúwo bákan náà, kí ó sì yí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní agbára ìlọ́po 1,000 òòfà ilẹ̀. Ẹni tó bá ti bá ògì lò mọ ohun tí yóò rí: omi wà lókè bí omidùn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ni tiwa. Ẹ da omi òkè kúrò, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì sí i títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò fi funfun, tàbí kí ó ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Pupa tó bá kù níbẹ̀ yóò dí PCR lọ́wọ́ ní ọjọ́ iwájú.

Ẹ má ṣe da omi tó kúrò lókè yìí sínú bílíìṣì bí ẹ ṣe máa ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ yòókù, nítorí ammonium chloride inú rẹ̀ àti bílíìṣì máa ń bí gáàsì olóró. Inú autoclave, ìkòkò ńlá tó ń fi ooru pa kòkòrò, ni kí ẹ ti pa kòkòrò inú rẹ̀ kí ẹ tó dà á nù.

Ibi yìí ni kò sí ìsinmi. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá pẹ́ jù nínú omi afọ́pupa, àwọn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, DNA yín yóò sì bá omi òkè lọ. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń yí, ẹ ki túùbù bọ inú yìnyín, kí ẹnì kan sáré tan jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá ní ọjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì ni títú sẹ́ẹ̀lì funfun ká. Ẹ fi ìka ta ìdí túùbù kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tú kúrò lójú kan, nítorí bí ọṣẹ bá bá a ní dídì, ìta rẹ̀ nìkan ni yóò tú. Ẹ wá da omi atúfunfun mìlílítà 3 sí i, SDS mìlílítà 0.2, àti proteinase K mìlígíráàmù kan tí ẹ ti là sínú mìlílítà 0.5. Ọṣẹ yóò tú ọ̀rá tí wọ́n fi mọ awọ sẹ́ẹ̀lì àti awọ nucleus, bí ó ṣe ń tú ọ̀rá lára ìkòkò. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni omi náà yóò máa yọ̀ bí ilá. Yíyọ̀ yẹn, DNA ni. Bí kò bá yọ̀ rárá, sẹ́ẹ̀lì funfun yín ti bá omi òkè lọ ní ìgbésẹ̀ kìíní, kí ẹ padà lọ gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn dípò kí ẹ máa fi ọjọ́ kan gbáko ṣòfò.

Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú ní 37°C, tàbí wákàtí méjì sí mẹ́ta ní 55°C, kí proteinase K lè jẹ purotéènì tó so mọ́ DNA. Ibí ni ibi ìsinmi tó dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. EDTA wà níbẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù tó lè jẹ DNA ti di oúnjẹ fún proteinase K. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní òru, ẹ sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni lílé purotéènì. Ẹ da omi iyọ̀ akúngóńgó mìlílítà kan sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n gidigidi fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbà kí ẹ gbọ̀n ọ́n nìyí, nítorí gbígbọ̀n máa ń gé okùn DNA sí wẹ́wẹ́. Iyọ̀ náà yóò gba omi mọ́ purotéènì lọ́wọ́, purotéènì yóò sì ṣù jọ ní funfun. Ẹ yí i nínú sẹ́ńtírífúùjì fún ìṣẹ́jú 15 ní ìyípo 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ìdọ̀tí, omi òkè ni tiwa. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó da omi òkè nù nítorí pé ohun tó ṣe ní àárọ̀ nìyẹn. Ẹ fa omi òkè sínú túùbù tuntun, kí ẹ sì fi díẹ̀ tó sún mọ́ ìsàlẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá ní kí òun fa gbogbo rẹ̀ tán, purotéènì ni yóò fà mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń dúró wò. Ẹ da ẹ́tánọ́ọ̀lù ògidì tó jẹ́ ìlọ́po méjì omi náà sí i, kí ẹ rọra máa dojú túùbù dé kí ẹ máa gbé e dìde. DNA kò lè dúró nínú omi tí iyọ̀ àti ẹ́tánọ́ọ̀lù ti gbà, nítorí náà yóò jáde ní okùn funfun tó ń lọ́ mọ́ra bí òwú lẹ́nu kẹ̀kẹ́. Ẹ fi igi dígí tàbí ẹnu pìpẹ́ẹ̀tì lọ́ ọ, kí ẹ gbé e jáde. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ má dà á nù. Ẹ gbé e sínú firísà mọ́jú, kí ẹ sì yí i nínú sẹ́ńtírífúùjì ní àárọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ẹ́tánọ́ọ̀lù ìdá 70 fọ̀ ọ́, nítorí iyọ̀ máa ń yọ́ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n DNA kì í yọ́. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní láàbù kan tí n kò ní dárúkọ, ibí ni a ti sọ DNA ẹni 12 nù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ DNA kì í lẹ̀ mọ́ ìdí túùbù dáadáa nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù ìdá 70, àwa sì kàn yí túùbù dà bí ẹni ń da omi ẹsẹ̀ nù. Láti ìgbà náà, pìpẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń fa omi náà, ojú mi kì í sì í kúrò lára gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìgbà òjò. Ní ìgbà ọyẹ́, márùn-ún ti pọ̀ tó, nítorí DNA tó bá gbẹ kọjá ààlà máa ń le, ó sì lè gba ọjọ́ méjì kí ó tó yọ́. Ẹ da TE máíkírólítà 200 sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ ní 37°C fún wákàtí méjì. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń lo TE tí EDTA rẹ̀ jẹ́ mìlímólà 1. Kò burú fún ìpamọ́, ṣùgbọ́n EDTA tó pọ̀ yóò gba magnesium mọ́ PCR lọ́wọ́.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ fa máíkírólítà 10 nínú rẹ̀ sínú TE máíkírólítà 490, kí ẹ gbé e sínú spectrophotometer, kí ẹ sì ka ìmọ́lẹ̀ tó gbé mì ní ìgbì nánómítà 260, 280 àti 230. Bí èyí tó gbé mì ní 260 bá jẹ́ 1, DNA tó wà nínú mìlílítà kan jẹ́ máíkírógíráàmù 50. Ká ní ẹ rí 0.2: ẹ fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 50 tí ẹ fi là á sọ ọ́ di púpọ̀, yóò jẹ́ 500 nínú mìlílítà kan, ìyẹn 100 nínú máíkírólítà 200 tí ẹ ní. Ẹ rántí 165 tí a ṣírò níṣàájú. Ẹni tó bá rí 100 gbà nínú rẹ̀ ti ṣe dáadáa. Ẹni tó bá rí 400 kò gbọdọ̀ yọ̀ rárá, nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn kò ní tó bẹ́ẹ̀, àfi bí sẹ́ẹ̀lì funfun ẹni náà bá pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. RNA, ìbátan DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tàbí ìdọ̀tí mìíràn ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ wá fi ti 280 pín ti 260. DNA tó mọ́ máa ń fúnni ní nǹkan bíi 1.8, bí ó bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, purotéènì ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ iyọ̀. Bí ẹ bá fi ti 230 pín in, ó yẹ kí ó wà láàárín 2.0 àti 2.2.

Nọ́ńbà kì í sọ bóyá okùn náà ṣì gùn. Jẹ́ẹ̀lì ló ń sọ ìyẹn. Ẹ se agarose, ìyẹ̀fun tí a fi ń ṣe jẹ́ẹ̀lì, gíráàmù 0.4 nínú omi TAE (omi Tris tó ń gbé iná) mìlílítà 50 títí yóò fi mọ́ kedere, ẹ dà á sínú àwo rẹ̀, yóò dì bí ẹ̀kọ. Ẹ fi DNA tí ẹ ti po mọ́ aró sínú ihò rẹ̀, kí ihò náà wà ní ọ̀dọ̀ wáyà dúdú, nítorí DNA máa ń sá lọ sọ́dọ̀ wáyà pupa. Iná fóltì 80 fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ti tó. DNA tó pé yóò dúró ní ilà kan ṣoṣo lókè pátápátá. Èyí tó ti já yóò fà wálẹ̀ gbọọrọ bí epo tó dà sára aṣọ. Bí ethidium bromide, aró tó ń jẹ́ kí DNA tàn, ni ẹ fi kùn ún, ẹ rántí pé ohun tó lè ba DNA tiyín náà jẹ́ ni. Ẹ má fi ìbọ̀wọ́ tí ẹ fi dì í mú di ilẹ̀kùn mú, kí ẹ sì bo ojú yín kí ẹ tó tan iná ultraviolet.

Lílo DNA náà: àpẹẹrẹ jẹ́nótáìpù

Jẹ́nótáìpù kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun fún Yorùbá tó bá ń gbèrò ìgbéyàwó. Àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn sábà máa ń ṣe ń wo haemoglobin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sí ènìyàn lára lè ṣì í lọ́nà. Èyí tí à ń sọ ń wo jíìnì fúnra rẹ̀. Nínú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, lẹ́tà kan ṣoṣo, nínú A, C, G àti T tí a fi ń kọ DNA, ló yí padà nínú jíìnì beta-globin: GAG di GTG. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi PCR ṣe tí ayé kà, ní ọdún 1985, orí jíìnì yìí kan náà ni.

Ẹ fi DNA nánógíráàmù 50 sí 100 sínú PCR máíkírólítà 25. Ẹ̀rọ yóò mú un gbóná dé 95°C kí okùn méjèèjì tú, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 55 tàbí 60 kí primer, okùn DNA kúkurú tó ń fi ibi tí a fẹ́ hàn, lè lẹ̀, yóò gbé e sí 72 kí Taq, ẹ́ńsáìmù tó ń kọ́ DNA, lè kọ́ tuntun, yóò sì tún un ṣe ní ìgbà 30. Bí iye rẹ̀ bá ń di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìgbà, ẹyọ kan yóò ti kọjá bílíọ̀nù kan. Ẹ so ẹ̀rọ náà mọ́ ínfátà. Ẹ wá fi ẹ́ńsáìmù DdeI, tó ń gé níbi tí CTGAG bá wà, bọ inú omi PCR náà ní 37°C. Lára AA, ó rí ibi gígé, abala jíìnì tí PCR sọ di púpọ̀ yóò pín sí méjì. Lára SS, ibi gígé ti bàjẹ́, abala náà yóò wà ní odidi. Lára AS, ẹ ó rí odidi kan àti gígé méjì. Èyí jẹ́ òtítọ́ bí ẹ bá yan primer tí kò ní ibi gígé DdeI mìíràn láàárín wọn. Ẹ máa fi túùbù omi lásán kan kún un nígbà gbogbo, pẹ̀lú DNA mẹ́ta tí ẹ ti mọ jẹ́nótáìpù wọn. Bí túùbù omi bá fi ilà hàn, gbogbo èsì ọjọ́ náà ti dànù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ní ti RNA, ìwà rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ ẹ́ wà nínú òógùn, lára ìka, lórí tábìlì, EDTA kò sì lè dá a dúró bó ṣe ń dá ti DNA dúró. Ohun èlò ọ̀tọ̀ ni kí ẹ yà sílẹ̀ fún un, ẹ máa pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ léraléra, ẹ da omi guanidine tó ń pa ẹ́ńsáìmù lé sẹ́ẹ̀lì lórí lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pa RNA mọ́ ní −80°C. Láàbù tí kò bá ní firísà −80 tó ní iná tó dájú, kí ó gbájú mọ́ DNA.

Ẹ pín DNA yín sí túùbù kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó gbé e sí −20°C, kí ẹ má baà máa yọ́ gbogbo rẹ̀ nítorí ìwọ̀nba kan. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sára ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ẹ̀kán ẹ́tánọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lè pa ohun tí ẹ fi máákà kọ rẹ́. Ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sára túùbù àti sára ọmọrí, nítorí ọmọrí máa ń lọ bá túùbù ẹlòmíràn.